Ìbẹ̀rù Ló Ń Jó Bíìtì

   Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kíṣìnì àti wọ́dúróòbù, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé sáìnì kọ́ sára ilé, ọ̀rọ̀ òní kàn yín gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ kì í sì í ṣe oníṣẹ́ igi, ẹ má tíì pa rédíò. Ẹ̀yin lẹ ń sanwó iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí tí etí kọ́bọ́ọ̀dù kan fi ń dán, tí ti èkejì fi ń họ.

Bí ẹ bá gba Òwòdè Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní Ìkòròdú níbí kọjá lónìí, ilé tuntun lẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ilé tí wọ́n bá kọ́ parí yóò wá kíṣìnì, yóò wá wọ́dúróòbù, yóò wá ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìtajà yóò wá orúkọ tí wọn yóò gbé kọ́ iwájú. Láyé àwọn bàbá wa, ayùn àti ìfági ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Gẹdú á jáde nínú igbó, á gba orí ọ̀sà kọjá lọ sí Òkobàbá ní Èbúté Mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń là á sí pákó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti wá kọ́ ibi tí wọ́n ń pè ní Timberville sí Àgbọ́wà, nítòsí wa níbí, kí àwọn onípákó Òkobàbá lè kó wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo inú ilé òde òní. Pákó kò pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀dù ló gbòde: pláíwúùdù, MDF, HDF, Perspex, Forex, Alucobond. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 ni wọ́n ń tà á.

Ẹ̀rọ tó ń gé e náà ti yí padà. CNC ni gbogbo wa ń pè é. Tábìlì gbọọrọ ni, mọ́tò kan wà lókè tó ń yí bíìtì, ìyẹn ohun ẹlẹ́nu mímú tó ń gé bọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà sì ń sọ fún mọ́tò náà ibi tí yóò gbà. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Ṣáínà ló ti ń wá, 1325 ni wọ́n ń pè é, torí tábìlì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 1,300, ó sì gùn tó 2,500. Odindi bọ́ọ̀dù, tó jẹ́ mìlímítà 2,440 sí 1,220, á tẹ́ sórí ẹ̀ wẹ́kú. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Parsons ló gbé èrò náà kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà àti apá bàálù ló gbé e débẹ̀, àwọn onímọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT sì fi ẹ̀rọ náà han aráyé lọ́dún 1952.

Ẹ̀rọ ti wá o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fi owó gidi ra ẹ̀rọ, ẹ̀rù a máa bà á. Á wo bíìtì tó tín-ín-rín, á ní kó má bàa kán, òun á jẹ́ kó máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Á gbé yíyí rẹ̀ sókè pátápátá, á rẹ ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Kó tó di ọ̀sán, èéfín ti ń rú, etí bọ́ọ̀dù ti dúdú, ẹnu bíìtì ti kú. Á wá máa bínú sí ẹni tó ta bíìtì fún un. Bíìtì kọ́ o. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló jó o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lónìí nìyí: nídìí ẹ̀rọ yìí, ìrìn tó lọ́ra jù ń ba bíìtì jẹ́ bí ìrìn tó yá jù ṣe ń bà á jẹ́. Ìṣirò kékeré kan ló ń fi ibi tí àárín wà hàn wá. A ó ṣe ìṣirò náà pa pọ̀ láìpẹ́, ẹ lọ mú bírò.

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá a fẹ́ gé. Pláíwúùdù, igi ni. Wọ́n bó o ní ìpele-ìpele, wọ́n fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀, ìpele kan dùbúlẹ̀, èkejì dábùú rẹ̀. Awọ òkè rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì yá láti ṣí. MDF ní tirẹ̀, igi tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n fi gúlù pò, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀. Kò ní ojú igi, ibi yòówù kí ẹ gbà gé e, bákan náà ló ń rí. HDF ki jù ú lọ, ó sì le jù ú lọ. Ohun tó ń pa bíìtì nínú gbogbo wọn ni gúlù. Ìdí nìyẹn tí bíìtì irin lásán kì í fi í pẹ́ nídìí wọn. Bíìtì kábáìdì ni kí ẹ rà.

Perspex, ike tó mọ́ bíi gíláàsì, ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ooru ibi tí bíìtì ti ń jẹ ẹ́ bá ti lé díẹ̀ ní 100 lórí ìwọ̀n Celsius, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nìyẹn. Èyí tó bá rọ̀ á lẹ̀ mọ́ bíìtì, á tún dì padà sínú ojú ibi tí ẹ gé. Perspex sì pín sí oríṣi méjì: èyí tí wọ́n dà sínú àwo dì, àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tì jáde gbọọrọ. Àkọ́kọ́ ló ń gé dáadáa. Èkejì yá láti yọ́. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Alucobond, ike ni wọ́n fi sáàárín alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ méjì. Ẹ ó rí i lára báńkì, lára ilé epo, lára ilé ìtajà ńlá. Forex ní tirẹ̀, ike PVC tí wọ́n mú kó wú ni, ó fúyẹ́, ó rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe gbé Forex sórí ẹ̀rọ léésà láé. Klórínì wà nínú PVC. Bí léésà bá jó o, gáàsì kíkan ló ń tú jáde, tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, tó sì ń mú kí irin inú ẹ̀rọ dípẹtà. Bíìtì ni kí ẹ fi gé e.

Ohun kan tún wà lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù. Èyí tí wọ́n kọ 18 sí lára, ẹ má gbà pé 18 ni. Ẹ fi fẹ́níà wọ̀n ọ́n. Ẹ lè bá 17.4, ẹ lè bá 17. Bí ẹ bá gé ihò 18 fún bọ́ọ̀dù tó jẹ́ 17, kọ́bọ́ọ̀dù yín á máa mì lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e wọlé oníbàárà. Àwa tá a wà létí ọ̀sà níbí, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí wa lára, ó sì ń fẹ́ sí bọ́ọ̀dù náà lára. MDF tí ẹ fi ara rẹ̀ ti ògiri tó ń rin yóò mu omi, etí rẹ̀ yóò wú. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí igi gbé e kúrò lórí sìmẹ́ǹtì.

Ó ku bíìtì. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ máa wò lára rẹ̀: ibi tó ń da èérún sí, iye ojú mímú rẹ̀ tó ń gé nǹkan, bó ṣe fẹ̀ tó, àti gígùn rẹ̀.

Bíìtì tí wọ́n ń pè ní upcut ń fa èérún sókè. Ọ̀nà tó ń gé mọ́, kì í gbóná púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fa awọ òkè pláíwúùdù sókè pẹ̀lú, ojú òkè á wá rí hánnáhánná. Downcut ń tì í sísàlẹ̀. Ojú òkè á mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n èérún á dì sínú ọ̀nà tó ń gé, ooru á pọ̀ sí i. Bí bọ́ọ̀dù yín bá ní ojú dídán lókè àti nísàlẹ̀, bí èyí tí àwọn oníkíṣìnì fẹ́ràn, compression ni kí ẹ wá. Ìdí rẹ̀ ń tì sókè, òkè rẹ̀ ń tì sísàlẹ̀, ojú méjèèjì á sì mọ́. Àṣírí rẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún yín lọ́jà: ìgbà àkọ́kọ́ tó bá wọ bọ́ọ̀dù, ó gbọ́dọ̀ jìn ju apá ìdí rẹ̀ tó ń tì sókè yẹn lọ. Bí ẹ bá ń fi í gé díẹ̀díẹ̀, apá tó ń fa awọ sókè nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́, ẹ ó sì ti fi owó compression ra upcut.

Iye ojú ńkọ́? Olójú méjì dára fún igi, MDF àti HDF. Fún Perspex, Forex àti Alucobond, ẹ lo olójú kan. Ike nílò àyè kí èérún rẹ̀ lè tètè jáde kó tó yọ́, bíìtì olójú kan ló sì ní àyè tó pọ̀.

Bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe gùn tó, ibẹ̀ ni agbára bíìtì wà. Tí bíìtì mìlímítà 3 àti bíìtì 6 bá gùn bákan náà, ti 3 yóò tẹ̀ ní ìlọ́po 16 ju ti 6 lọ. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí bíìtì kan náà yọ síta ní ìlọ́po méjì, yóò tẹ̀ ní ìlọ́po 8. Ẹ má fi bíìtì gígùn gé bọ́ọ̀dù fẹ́lẹ́ nítorí pé òun ló wà nínú ẹ̀rọ. Bíìtì 6 ni kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ yín. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 3.175, ẹ fi pamọ́ fún iṣẹ́ ọnà wẹ́wẹ́ àti ihò kótókótó. Ẹ fọ kọ́lẹ́ẹ̀tì tó di bíìtì mú, nítorí eruku tó bá wọ inú rẹ̀ ń mú kí bíìtì yí lọ́nà wíwọ́, ojú kan ṣoṣo ni yóò wá máa jẹ igi.

Ó ti tó àkókò ìṣirò. Yíyí ni iye ìgbà tí bíìtì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìrìn ni iye mìlímítà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú kan náà. Ohun kẹta tó so wọ́n pọ̀ ni ìbù: bí ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan ń bù jẹ ṣe nípọn tó nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ yíyí di púpọ̀ pẹ̀lú iye ojú, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìbù. Ìrìn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́: yíyí lọ́nà iye ojú, lọ́nà ìbù, ìrìn ló ń jáde.

Fún bíìtì 6 lórí pláíwúùdù tàbí MDF, ìbù tó dára wà láàárín mìlímítà 0.1 àti 0.25. Ẹ jẹ́ ká mú 0.15. Ká sọ pé bíìtì ń yí ní 18,000, ó sì jẹ́ olójú méjì. 18,000 lọ́nà 2 jẹ́ 36,000. 36,000 lọ́nà 0.15 jẹ́ 5,400. Mìlímítà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan ni kí bíìtì yín máa rìn. Ó yà yín lẹ́nu, àbí? Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, 1,200 ló fi ìrìn tirẹ̀ sí. Ẹ pín 1,200 sí ọ̀nà 36,000. Ìbù rẹ̀ jẹ́ 0.033. Ìwé tá a fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì nípọn tó bíi 0.1. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìwé kan ni ojú bíìtì náà ń wá jẹ. Kò lè jẹ ẹ́. Ó ń ha á lásán ni, bí ẹni tó fi ọ̀bẹ ra eegun lójú kan náà láìtẹ̀ ẹ́. Ara líle bá ara líle, ooru dé. Èérún ló yẹ kó gbé ooru náà jáde kúrò lára bíìtì, èérún kò sì tó nǹkan tó lè gbé e.

Ẹ tún wo owó tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù kan tó jẹ́ mìlímítà 600 sí 2,000, àyíká rẹ̀ jẹ́ 5,200. Ká sọ pé ẹ ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó já, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,600. Ní ìrìn 5,400, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní ìrìn 1,200, ìṣẹ́jú 13 ni. Ẹ fi ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ìṣirò epo jẹnẹrétọ̀ fún odindi kíṣìnì.

Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ̀rọ tèmi kéré, bó bá rin 5,400, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n." Kò sí wàhálà. Ẹ má kàn fa ìrìn sílẹ̀ nìkan, ẹ fa yíyí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. 10,000 lọ́nà 2 lọ́nà 0.15 jẹ́ 3,000. Tàbí kí ẹ lo olójú kan: 18,000 lọ́nà 1 lọ́nà 0.15 jẹ́ 2,700. Ìbù kò yí padà, bíìtì ṣì ń jẹun dáadáa. Ẹ ṣáà má rẹ yíyí sílẹ̀ jù, nítorí agbára mọ́tò náà ń dínkù bó ṣe ń relẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ yín sì lè má sọ iye yíyí fún yín. Nọ́ńbà bíi 300 tàbí 400 ló máa ń gbé jáde. Iná tó ń wọ inú mọ́tò ló ń kà fún yín yẹn, ní Hz. Fún mọ́tò tó wọ́pọ̀ lórí ẹ̀rọ wa, ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀: 300 jẹ́ 18,000, 400 jẹ́ 24,000. Ẹni tí kò mọ èyí á máa lo 400 lójoojúmọ́, á rò pé iye náà kéré.

Jíjìn ló kù. Fún igi, kí bíìtì má jìn ju bó ṣe fẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bíìtì 6, ìjìn 6. Bọ́ọ̀dù tó jẹ́ 17.4, ẹ gé e dé 17.6, kí bíìtì fi 0.2 kan bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì kó máa gba ọgbẹ́: 6 àkọ́kọ́, 6 èkejì, 5.6 ìkẹyìn. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ jìn tó ìlọ́po méjì bíìtì, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò lára ìrìn. Tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ yọ ìdajì. Ojú tábìlì ni kí ẹ ti máa ka ìjìn, ẹ má kà á láti ojú bọ́ọ̀dù, nítorí bọ́ọ̀dù kan lè nípọn ju èkejì lọ, ẹ̀rọ yín kò sì ní gé tábìlì jinlẹ̀ láìnídìí. Bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ yẹn náà, MDF ni, ó ń mu omi, ó ń wú. Ẹ máa fi bíìtì fífẹ̀ fá ojú rẹ̀ dọ́gba látìgbàdégbà.

Ẹ má jẹ́ kí bíìtì rì wọ inú bọ́ọ̀dù ṣánṣán. Ẹ jẹ́ kó máa fi ìdagẹ̀rẹ̀ wọlé bó ṣe ń rìn. Ẹ sì fi afárá kéékèèké sílẹ̀ láyìíká ohun tí ẹ ń gé, kó má bàa já kúrò kó fò lu bíìtì níkẹyìn. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní CNC, tí ẹ ń fi ráútà ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà ní tiyín: bí ẹ bá ń yí ìta pátákó ká, ẹ máa lọ lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, bí inú ihò bá ni, ẹ máa lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni bíìtì kò ní fa ẹ̀rọ gbà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú Alucobond kan sójú. Mìlímítà 4 ló nípọn, alumíníọ̀mù ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.5. Ẹ fẹ́ ṣẹ́ ẹ po mọ́ igun ilé, kí ojú òde rẹ̀ má já. Bíìtì onígun 90 tí orí rẹ̀ pẹrẹsẹ díẹ̀ ni ẹ ó lò, ẹ̀yìn ni ẹ ó sì ti gbẹ́ ẹ. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó 3.2. Ohun tó kù jẹ́ 0.8: alumíníọ̀mù òde 0.5, àti ike 0.3 tó fi ara tì í. Ike díẹ̀ yẹn ló ń gbà á là. Bí bíìtì bá jẹ ẹ́ tán tó kan alumíníọ̀mù, igun náà á sán lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá sì fi púpọ̀ sílẹ̀, kò ní ká mú. Ọwọ́ yín ni ẹ ó fi ká a, kò gba hámà. Ṣùgbọ́n Alucobond olówó pọ́ọ́kú tí alumíníọ̀mù rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju 0.5 lọ pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ṣe ìṣirò. Tí tábìlì bá sì ga níbì kan tó rẹlẹ̀ níbì kan, 0.3 yẹn kò ní dúró.

Perspex ní tirẹ̀, ẹ fi bíìtì olójú kan gé e: 18,000 lọ́nà 1 lọ́nà 0.1 jẹ́ 1,800. Ẹ má yọ ìwé tàbí rọ́bà tó bo ojú rẹ̀. Ẹ fi 0.2 sílẹ̀ lára etí rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ tó padà wá fá a kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí náà á mọ́, iná tó bá wà nínú lẹ́tà sáìnì á sì tàn gba ibẹ̀ jáde dáadáa. Bí èérún bá ń jáde wínníwínní tó sì gbẹ, ẹ ti mú un. Bó bá ń lọ́ pọ̀ bíi fọ́nrán tó sì lẹ̀ mọ́ra, ẹ mú ìrìn yá sí i, tàbí kí ẹ rẹ yíyí sílẹ̀.

Èérún ni ẹ ó máa kà, gbogbo ìgbà ni. Fún pláíwúùdù, èérún tó ṣeé fọwọ́ mú ló yẹ kó jáde, tó bá di lẹ́búlẹ́bú, ìbù ti kéré jù. MDF ló yàtọ̀, lẹ́búlẹ́bú ni tirẹ̀ bó ti wù kó rí, ooru àti òórùn ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dá ẹ̀rọ dúró, tó ti simi pátápátá, ẹ fọwọ́ kan bíìtì. Lílọ́wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí kò bá ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ ṣe ìṣirò yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ̀rọ bá ń ké bí ó ṣe ń gé, bíìtì ń tẹ̀ nìyẹn: ẹ dín ìjìn kù, tàbí kí ẹ tì í wọ inú kọ́lẹ́ẹ̀tì díẹ̀ sí i.

Lẹ́búlẹ́bú yẹn, ẹ má fi í ṣeré. Láti ọdún 1995 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, ti fi eruku igi sára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ẹ wọ ìbòmú, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́. Ẹ wọ gíláàsì ojú. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nítòsí bíìtì tó ń yí, ẹ sì ká apá aṣọ yín sókè.

Iná ìjọba ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ lè gbàgbé ibi tó wà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ ti ka òdo sílẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ sì sàmì sí i lára tábìlì, kí ẹ lè padà síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo mọ́tò tí omi ń tù lára, ẹ kọ́kọ́ fojú rí omi náà kó ń dà padà sínú korobá kí ẹ tó tan mọ́tò. Fáànù ń yí kò túmọ̀ sí pé omi ń lọ.

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ ní LASUSTECH, ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pólì Ìpínlẹ̀ Èkó títí tó fi di yunifásítì lọ́dún 2022, níbí ní Ìkòròdú, àtàwọn tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Odòmọlá lọ́nà Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ yìí ń dúró dè yín. Ọ̀gá tó bá gba irú wọn sẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà lásán kí wọ́n há sórí. Ẹ fi ìṣirò náà hàn wọ́n. Ọmọ tó há nọ́ńbà sórí mọ ẹ̀rọ kan, bọ́ọ̀dù kan. Èyí tó mọ ìṣirò lè dúró nídìí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo máa fún yín ṣe nìyí. Ẹ mú àjákù bọ́ọ̀dù kan lọ́la. Ẹ má yí yíyí padà. Ẹ gé ìlà márùn-ún sí i, kí ìrìn ìlà kọ̀ọ̀kan yá ju ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ: 1,200, 2,400, 3,600, 4,800, 5,400. Bí ẹ̀rọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó tó dé òpin, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan etí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo èérún rẹ̀, ẹ mú èyí tó mọ́ jù. Ẹ kọ bọ́ọ̀dù, bíìtì, yíyí, ìrìn àti ìjìn rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ so ìwé náà mọ́ ara ẹ̀rọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń lò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé yẹn á níye lórí ju bíìtì tó wà nínú àpótí yín lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè rí i rà lọ́jà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé iṣẹ́ fún wọn, bí ẹ bá lọ gba kíṣìnì yín, ẹ fi ọwọ́ ra etí rẹ̀. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí igi jíjó, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bi ọ̀gá: "Ọ̀gá, ìrìn mélòó lẹ fi gé e?"